Ajẹ́rìíkú ni, kì í ṣe akúfẹ́sìn

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a pa “ajẹ́rìíkú” tì, kí a máa fi “akúfẹ́sìn” pe mátírì. Wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ “ajẹ́rìíkú” lè rò pé ẹnì kan kú sí kóòtù níbi tó ti ń jẹ́rìí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn ni mátírì kú fún. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rí jíjẹ́ tí “akúfẹ́sìn” fò dá gan-an ni ọ̀rọ̀ “mátírì” dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn mátírì Ùgáńdà wò ó. Ní oṣù May 1886, ní Munyonyo, Mwanga Kejì, Kabaka (ìyẹn ọba) ilẹ̀ Bùgáńdà tó wà ní Ùgáńdà òde òní, pe àwọn ẹmẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ láàfin, jọ, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ń gbàdúrà ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Inú ti ń bí i tipẹ́. Ní November 1885 ló ti ní kí wọ́n pa Joseph Mukasa Balikuddembe, olórí àwọn ẹmẹsẹ̀ náà, nítorí ó bá a wí lórí bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tí wọ́n pa, James Hannington, kò sì gbà kí ọba máa bá àwọn ọmọdékùnrin ààfin sùn. Charles Lwanga gba iṣẹ́ ìdáàbòbò àwọn ọmọ náà ṣe. Ní òru tó ṣáájú ìpè ọba, ó ṣe ìrìbọmi fún àwọn tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ìgbàgbọ́, Kizito tí kò ju ọmọ bí ọdún 14 lọ sì wà lára wọn. Ilẹ̀ mọ́, ọba sọ̀rọ̀, Lwanga ló ṣáájú lọ síbi tí wọ́n ní kí àwọn olùgbàdúrà lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ẹ dúró wo ibẹ̀ yẹn. Kò tíì sí ẹni tó kú nínú àwọn tó dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé ni ẹ̀rí. Ọjọ́ 3 oṣù June ni wọ́n tó dáná sun wọ́n ní Namugongo. Bí a ṣe to “a-jẹ́rìí-kú” ni nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, bí ó ti rí nínú “akúnlẹ̀yàn”: ìkúnlẹ̀ ṣáájú, yíyàn tẹ̀ lé e. “Akúfẹ́sìn” kò ní ìbéèrè nínú, kò ní ìdáhùn. Ẹni tó gbé idà lọ sógun ẹ̀sìn, tó kú síbẹ̀, akúfẹ́sìn lòun náà.

Ọ̀rọ̀ Mbaga Tuzinde ló jẹ́ kó dá mi lójú jù. Ìbátan Mukaajanga, olórí àwọn tẹ̀tù, ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí pé kó ṣáà sọ pé òun ò ní gbàdúrà mọ́, kí wọ́n lè gbé e pamọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń tọrọ. Ó kọ̀. Mukaajanga wá ní kí wọ́n fi kùmọ̀ pa á ná, kí iná má baà jó o láàyè. Bí ọmọ yẹn bá sẹ́, yóò yè. Ó jẹ́rìí, ó kú.

Àwọn 22 tí Póòpù Paul Kẹfà kéde ní ẹni mímọ́ ní 1964 kò kú ikú kan náà. Wọ́n gún òmíràn ní ọ̀kọ̀, wọ́n bẹ́ òmíràn lórí, wọ́n gé Matthias Mulumba Kalemba lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sínú igbó. Ẹ̀rí ló so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ní ká pè wọ́n ní “ọlọ̀tẹ̀” nítorí pé wọn ò gbọ́ràn sí ọba lẹ́nu, òun náà kò rí i sọ. Ọ̀kan lára wọn, Andrew Kaggwa, ń sin ọba gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn onílù rẹ̀ títí wọ́n fi pa á.

Ní ti kóòtù, “abajulizi” ni àwọn ará Bùgáńdà fúnra wọn ń pe àwọn èèyàn yìí, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n ń lò fún ẹlẹ́rìí ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Gíríìkì tí “mátírì” ti wá. “Shahidi” èdè Swahili náà ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, orísun kan náà sì ni òun àti “ṣàhádà” tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè lójoojúmọ́.

Ó wá ku àwọn tí wọn kò pa. Wọ́n dá ẹmẹsẹ̀ mẹ́ta sí ní Namugongo, Denis Kamyuka wà lára wọn, ẹnu wọn la sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn yìí. Bí a bá pe irú wọn ní “ajẹ́wọ́ ìgbàgbọ́”, etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ bí ẹni tó jẹ̀bi. Àbá tèmi ni “ajẹ́rìíyè”. Akúfẹ́sìn kò lè bí irú ìkejì bẹ́ẹ̀, nítorí “ayèfẹ́sìn” yóò kàn jẹ́ gbogbo onígbàgbọ́ tó wà láàyè.