Baálẹ̀ àwọn mọ́ńkì: kí la ó pe ilé wọn ní Malvern?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa pé ká pe mùsíọ́mù Great Malvern, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní "ilé ìṣẹ̀ǹbáyé inú ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò.

"Anìkàngbé" ló kọ́kọ́ gbé mi lọ́kàn. Àwọn mọ́ńkì Malvern, ìyẹn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kristi tó ń tẹ̀lé òfin Benedict Mímọ́, kì í dá gbé. Wọ́n jọ ń jẹun ni, wọ́n sì jọ ń kọrin àdúrà tọ̀sán-tòru. Àwọn ìjókòó onígi tí wọ́n ń lò ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ẹ ṣí ọ̀kan sókè, ẹ ó rí àwọn eku tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yẹgi fún ológbò! Ẹni tó ń dá gbé, ta ni yóò bá rẹ́rìn-ín irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀? "Ilé àwọn mọ́ńkì" tó mi.

Irú ilé mọ́ńkì tó jẹ́ gan-an ni wàhálà. "Priory" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ìyẹn ilé mọ́ńkì tí olórí rẹ̀ ń jẹ́ "prior". Àwọn kan ní "ilé aṣáájú", torí pé "prior" lédè Látìn ni ẹni tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ Látìn ni wọ́n túmọ̀ yẹn, wọn ò wo ipò ọkùnrin náà. Malvern, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1085, abẹ́ ilé ńlá àwọn mọ́ńkì ní Westminster ló wà. Olórí wà ní Malvern, àmọ́ ọ̀gá rẹ̀ wà níbòmíràn. Kí ni àwa ń pe ẹni tó ń ṣàkóso ìlú, tí ọba rẹ̀ wà lókèèrè? Baálẹ̀ ni. "Ilé mọ́ńkì oníbaálẹ̀" ni àbá tèmi. (Mo mọ̀ pé àwọn baálẹ̀ ayé òní, adé ni wọ́n ń lé kiri.)

Ká má sì gbàgbé pé kì í ṣe ibi tí àwọn mọ́ńkì ń sùn ni mùsíọ́mù náà wà. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ti ilé wọn pa, àwọn ará ìlú fi £20 ra ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, tó ní yàrá lókè, kò wó ní tiẹ̀. Ibẹ̀ ni mùsíọ́mù wà. Ilé ibodè nìyẹn. A ti ní oníbodè tipẹ́, kò sí ohun tá a tún ń rọ.

Ní ti "ìṣẹ̀ǹbáyé", ìtàn rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò rí ọkọ̀ òfuurufú láti òkèèrè, wà níbẹ̀, torí Malvern ni wọ́n kó àwọn onímọ̀ rédà wá ní 1942, lásìkò ogun Hitler. Ṣé ìṣẹ̀ǹbáyé ni rédà? Ẹ jẹ́ ká fi mùsíọ́mù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gba àbá mi, ẹ fi àmì sí i dáadáa. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ ní "baálé" láàárọ̀ yìí, fún àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní fẹ́yàwó.