Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló bá "cure" mu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń túmọ̀ ìwé kan nípa ilé kíkọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "cure", sì ti dá mi dúró. Tó bá jẹ́ ti ìṣègùn ni, kò sí wàhálà: ìwòsàn ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń lò ó fún kọnkéré, fún rọ́bà, àti fún gọ́ọ̀mù tó ń dì.

"Gbígbẹ" ni mo kọ́kọ́ kọ fún ti kọnkéré, mo sì ti pa á rẹ́, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé omi kúrò lára kọnkéré ló fi ń le. Omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń para pọ̀ di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bomi rin ín fún bí ọjọ́ 7, tí wọ́n sì ń dán agbára rẹ̀ wò ní ọjọ́ 28. Bó bá tètè gbẹ, ó lè lanu.

Inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ìtọ́jú ni "cure" ti wá. Ṣé "ìtọ́jú kọnkéré" á yé bíríkìlà? Rọ́bà tí wọ́n fi imí-ọjọ́ àti ooru sọ di líle ńkọ́? "Ìtọ́jú" kò bá ìyẹn mu lójú tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń pè é níbi iṣẹ́ yín?