Ọ̀dà bọ́ńpà ọkọ̀ mi hunjọ, ẹ gbà mí o

Láńre: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ dákun. Bọ́ńpà iwájú Corolla mi ni. Ẹni tó ta ọ̀dà alágolo fún mi búra pé kò sí irú rẹ̀ lọ́jà, owó tó gbà kò sì kéré. Mo fọ́n ọn, ó ń dán. Bí mo ṣe fọ́n kílíà (ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń gbẹ̀yìn) lé e báyìí ló hunjọ bí awọ arúgbó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ó tún ń ṣí bí mo bá fi èékánná họ ọ́. Àbúrò mi fẹ́ fi ọkọ̀ yìí gbé ìyàwó, inú sì ń bí mi sí ọlọ́jà yẹn gan-an. Ṣé kí n fọ́n òmíràn bò ó?

Bọ̀dá Ṣégun: Má fọ́n ohunkóhun lé e! Èyí tó bá ti hunjọ kì í tẹ́jú mọ́. Fi ọlọ́jà sílẹ̀ ná. Práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) wo lo lò? Kí ló wà lára ike náà tẹ́lẹ̀?

Àǹtí Bísí: Wo ẹ̀yìn bọ́ńpà náà, wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà sí i. Bó bá jẹ́ PP (ike polypropylene), ọ̀dà kì í fẹ́ dì mọ́ ọn, adhesion promoter, èyí tó ń jẹ́ kí ọ̀dà di ike mú, gbọ́dọ̀ ṣáájú práímà.

Alájà Mọ́tò: Bí lẹ́tà bá ti pa rẹ́, gé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, sọ ọ́ sínú omi. Bó bá rì, kì í ṣe PP.

Àǹtí Bísí: Ẹ má ṣì í lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá rí T20 lẹ́yìn PP, ó túmọ̀ sí pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ike náà jẹ́ ìyẹ̀fun talc. PP bẹ́ẹ̀ lè rì.

Láńre: PP+EPDM-T20 ni mo rí. Ẹ ṣé. Mo fi epo bẹntiróòlù nù ún dáadáa, gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lo práímà torí pé ọ̀dà ti wà lára rẹ̀.

Bọ̀dá Ṣégun: Ọ̀dà wo?

Láńre: Ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun géètì. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kùn ún. Ó ti gbẹ kí n tó fọ́n tuntun, kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Bọ̀dá Ṣégun: Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ojú ọ̀dà géètì ló gbẹ, inú rẹ̀ ṣì rọ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó le. Ọ̀dà alágolo tí o fọ́n fẹ́lẹ́, tínà rẹ̀ (omi tó ń yọ́ ọ̀dà) ti fò lọ. Kílíà nípọn, tínà rẹ̀ ráyè wọ inú ọ̀dà géètì, ìyẹn wú, ó sì hunjọ. Ibi tó ń ṣí ní tirẹ̀, bẹntiróòlù máa ń fi òróró sílẹ̀. Ọlọ́jà kò jẹ̀bi.

Alájà Mọ́tò: Kó fi paint remover yọ ọ́ kíá.

Àǹtí Bísí: Rárá o! Ó lè ba ike jẹ́. Sáńpépà ni. Nọ́ńbà tó bá kéré ló máa ń họ jù: P180 fún ibi tó nípọn, P320 tẹ̀ lé e, kó wá fi P400 parí. Kó máa fi omi sí i, torí PP máa ń hu irun bó bá gbóná. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọwo àti kànrìnkàn, kó gbẹ dáadáa, kó wá fi isopropyl alcohol nù ún.

Láńre: Ṣé mi ò lè yọ ibi tó hunjọ nìkan? Sátidé ni ìgbéyàwó.

Bọ̀dá Ṣégun: Ọ̀dà géètì ṣì wà lábẹ́ ìyókù, yóò tún hunjọ. Yọ gbogbo rẹ̀. Promoter fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, má fi sáńpépà kàn án. Práímà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, bó bá gbẹ, P600 pẹ̀lú omi. Fi agolo ọ̀dà jìnnà sí ike ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 10 láàárín. Ka àkókò kílíà lára agolo: ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́ kí o fọ́n òmíràn lẹ́yìn wákàtí kan, àfi kó pé ọjọ́ kan tàbí méjì. Má fọ́n ọn bí òjò bá ṣú, yóò funfun. Bí Sátidé kò bá fún ọ láyè, fi ike náà sílẹ̀ láìkùn.

Àǹtí Bísí: Bó bá jẹ́ kílíà 2K tó ń lo hardener (èyí tó ń mú un le), isocyanate, kẹ́míkà tó lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú rẹ̀. Ìbòmú tó ní asẹ́ tó ń dá kẹ́míkà dúró ni kó lò, kì í ṣe aṣọ.

Láńre: Ẹ ṣé gan-an. Mo tún fi ọ̀dà géètì yẹn kun ìbòrí mírọ̀ méjèèjì o.

Àǹtí Bísí: Wo lẹ́tà ìyẹn náà. ABS (irú ike mìíràn) ló sábà máa ń jẹ́, tínà sì máa ń jẹ ẹ́. Sáńpépà P320 àti omi nìkan, kí ọwọ́ rẹ fúyẹ́.