Gìrì wà nínú ẹbí ọkọ mi, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́?

Ìyá Dámilọ́lá:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ìyá. Ọmọ mi máa pé ọ̀sẹ̀ 6 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti gba BCG (ti ikọ́ ẹ̀gbẹ) àti ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ nígbà tí mo bí i, ó wá ku pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún. Ìyá ọkọ mi ní kí n dúró ná, torí nígbà tí wọ́n gún àbúrò ọkọ mi lábẹ́rẹ́ ní kékeré, ara ẹ̀ gbóná, gìrì sì mú un, ọkọ mi fúnra ẹ̀ náà gìrì mú un rí. Ẹ̀rù ló ń ba màmá, ó ti wá ń ba èmi náà báyìí. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ wà nínú ẹbí yín, kí lẹ ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́:
Ìyá Dámilọ́lá, ẹ má dúró rárá. Lóòótọ́ gìrì tí ara gbígbóná ń fà máa ń rìn nínú ẹbí, màmá ò parọ́ níbẹ̀ yẹn, àmọ́ láti oṣù 6 sí ọdún 5 ló sábà máa ń mú ọmọ, pẹ́ńtà sì rèé, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 là ń gún un. Ikọ́ àwúbì wà lára ohun tó ń dènà, ọmọ ìkókó ni ikọ́ yẹn sì ń pa jù. Gìrì tó mú bàbá ọmọ ò ní ká má gún ọmọ. Tí ọmọ fúnra ẹ̀ bá ní wárápá tí apá ò tíì ká, tàbí tí abẹ́rẹ́ yẹn ti mú ojú àti ẹnu ẹ̀ wú rí tí ò lè mí dáadáa, ìyẹn la máa ń dá dúró kí dókítà kọ́kọ́ wò ó. Ẹ ṣáà sọ fún nọ́ọ̀sì tó máa gún un.

Ìyá Ìbejì:
Gìrì wà nílé tiwa náà, àwọn méjèèjì gba gbogbo ẹ̀ pé. Ti èéyi ní oṣù 9 ni kẹ́ ẹ fojú sí, torí ara lè má gbóná lọ́jọ́ náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó dé. Èéyi gan-an tó bá mú ọmọ, ibà ẹ̀ le ju ìyẹn lọ fíìfíì. Tí gìrì bá dé, ẹ fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù o, ẹ jọ̀ọ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Bàbá Ayọ̀:
SS (fòníkú-fọ̀larindìde) ni àkọ́bí wa, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò lè gba abẹ́rẹ́, dókítà ní irọ́ ni, pé irú wọn gan-an ló nílò ti òtútù àyà jù.

Ìyá Dámilọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo kà á sí màmá létí, wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ. Ṣé kí n ti fún un ní parasitámó ká tó kúrò nílé?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́:
Rárá, àfi tí ara ẹ̀ bá gbóná. Tí wọ́n bá wọn ọmọ tán, ẹ bi wọ́n léèrè iye tó yẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì jókòó díẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ.