Camry 1999 mi ò fà mọ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, kí ni kí n ṣe sí i?

Ọmọ Òbòkun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Camry 1999 ni mò ń wà, 2.2, púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, jíà ọ́tò. Iléṣà ni mò ń gbé, Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú ọ̀nà yẹn ni mo máa ń wà láàárọ̀ lálẹ́. Ọkọ̀ náà kì í kú, kì í gbóná, àmọ́ kò fà mọ́. Tí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀ nítòsí Ọ̀sú, mo lè tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, á pẹ́ kó tó dá mi lóhùn. Èmi àti tírélà á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, àwọn ọmọ á sì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an. Òkè Ìpetu-Ìjèṣà ló tún wá burú jù, lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ Àkúrẹ́.

Ẹnì kan ní kí n ra irú fíítà atẹ́gùn tí kò ní ilé, èyí táwọn eléré ìje ń lò, kí n sì fẹ sàlẹ́ńsà. Ẹlòmíràn ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí n fi V6, ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, sí i. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò pọ̀, mi ò fẹ́ ná an dànù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbọ́?

Awakọ̀ Ọ̀sú
V6 ni o, àbúrò. 3.0 tó wà nínú Camry ọdún yẹn, agbára ẹṣin 194 ló ní, tìrẹ ò ju 133 lọ. Kò sí bó o ṣe fẹ́ wẹ 133 yẹn tí yóò bá a.

Mẹkáníìkì Òndó Road
Bọ̀ọ̀dá Awakọ̀, òótọ́ ni iye tẹ́ ẹ pè, àmọ́ V6 kì í dá wọlé. Jíà rẹ̀ yàtọ̀, wáyà rẹ̀ yàtọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yàtọ̀, títí dórí síítì ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fẹ́ V6, kó ta èyí tó ní, kó lọ ra Camry tí V6 ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìyà rẹ̀ kéré.

Ọmọ Òbòkun, ẹ fetí sílẹ̀. 133 tó ya tírélà, ó tó o gòkè Ìpetu. Ọkọ̀ yẹn ń ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, nítorí náà ẹ jẹ́ ká wá ibi tí agbára rẹ̀ gbà lọ ká tó ra nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ iná mọ́lẹ̀, ẹ bá mi wo abẹ́rẹ́ RPM, èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí yára tó. Bó bá ń fò sókè tí ọkọ̀ ò tẹ̀ lé e, jíà ló ń yọ̀. Ẹ yẹ ọ́ìlì jíà wò. Bó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí ẹ́ńjìnnì. Àmọ́ bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń lọ́ra, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ẹ́ńjìnnì ni kò rí èémí mí tàbí kò rí epo mu.

Fíítà tí kò ní ilé yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Atẹ́gùn gbígbóná inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa máa fà, ariwo lásán lẹ máa rí gbà níbẹ̀. Fíítà ojúlówó tuntun tó bá a mu ti tó.

Ìyá Ìbejì
Kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ ṣe èyí nílé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ rọ́bà ńlá tó ti ibi fíítà wá, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó tẹ iná dé ìsàlẹ̀, kí ẹ̀yin máa wo irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí lẹ́nu tọ́tù, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Wáyà ló ń fà á nínú Camry yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ ṣí tán. Tèmi ò ṣí ju ìdajì lọ. Mátì onírọ́bà tó nípọn ló gbé ẹsẹ̀ iná dúró, wáyà náà sì ti dẹ̀. Wọ́n ká mátì kúrò, wọ́n fa wáyà le, ọkọ̀ mi yí padà lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rin ìrìn díẹ̀, ẹ tún fọwọ́ sún mọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, búréèkì rẹ̀ kò tú sílẹ̀ dáadáa, ẹ́ńjìnnì yín ló ń wọ́ ọ kiri.

Rewáyà Sábó
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà tàbí gòkè, ẹ tẹ bọ́tìnnì O/D tó wà lára ọwọ́ jíà. Iná O/D OFF á tàn, jíà kẹrin á kúrò, kẹta á gbà á. Tẹ́ ẹ bá ti yà tán, ẹ tún un tẹ̀. Kò gbowó.

Ìbéèrè mi ni pé, tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó ta ọkọ̀, ṣé iná check engine máa ń tàn? Ó yẹ kó tàn, kó wá kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ta. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún yín. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá láti 1996 ní ojú OBD2, ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó.

Ọmọ Òbòkun
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Tọ́tù ṣí tán, ríìmù ò gbóná, ọ́ìlì jíà ṣì pupa. Abẹ́rẹ́ RPM ló ń lọ́ra. Iná check engine yẹn kò tàn lóòótọ́! Mo gbé e lọ kí wọ́n wò ó ní Lágere, kóòdù P0302 àti P0420 ló gbé jáde. Ẹni tó wò ó ní kátálíìsì, èyí tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà sàlẹ́ńsà, ti dí, pé kí n jẹ́ kóun gé e kúrò, òun á sì rà á lọ́wọ́ mi.

Mẹkáníìkì Òndó Road
Ẹ má tà á o! Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ayùn sábẹ́ ọkọ̀ yẹn.

P0302 ni ká kọ́kọ́ bá wí, ká tó kan P0420, tó ń sọ pé kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Sílíńdà kejì, ihò ẹ́ńjìnnì tí púlọ́ọ̀gì kejì wà, kò jó epo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Epo tí kò jó yẹn, inú sàlẹ́ńsà ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń gbóná, tó sì ń yọ́ àwọn ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ inú kátálíìsì títí tí wọ́n á fi dí. Bẹ́ ẹ bá fi kátálíìsì tuntun síbẹ̀ láìwo sílíńdà kejì, tuntun náà á bàjẹ́.

Kọ́ìlì méjì ni ẹ́ńjìnnì yín ní. Ọ̀kan ń tan 1 àti 4, èkejì ń tan 2 àti 3. Bó bá jẹ́ kọ́ìlì ló kú, à bá ti rí P0303, ti sílíńdà kẹta, pẹ̀lú. 2 nìkan ló ń ké, torí náà púlọ́ọ̀gì tàbí wáyà rẹ̀ ni mo fura sí. Kí wọ́n gbé púlọ́ọ̀gì 2 sí 1, kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Bó bá di P0301, púlọ́ọ̀gì ni. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnu wọn fẹ̀ tó mìlímítà 1.1. Bó bá dúró sí 2, ẹ wo wáyà rẹ̀, lẹ́yìn náà ínjẹ́tọ̀ tó ń fín epo sí i.

Kí wọ́n yẹ kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún atẹ́gùn pọ̀, wò nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá ṣì wà níta. Ó yẹ kó sún mọ́ 178 psi, kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju 142 lọ, ìyàtọ̀ àárín wọn ò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wálẹ̀ pa pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo bẹ́líìtì tááìmù, ó lè ti fo eyín.

Ẹ̀yìn ìyẹn la máa tó dá kátálíìsì lẹ́jọ́. Kí wọ́n so gáàjì fákúùmù, èyí tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa atẹ́gùn, mọ́ máníífóòdù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi, ó máa ń wà láàárín 17 sí 21 inHg. Ẹ gbé RPM lọ sí 2,500, kẹ́ ẹ dì í mú síbẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ gáàjì bá rọra ń wálẹ̀ tí kò padà sókè, ó dí lóòótọ́, ẹ ra òmíràn. Bó bá dúró, kò dí. Ẹ kọ iye tẹ́ ẹ rí síbí, kẹ́ ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni.