"Àwòtúnwò" ni, kì í ṣe "àtúndájọ́"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe wíwo fídíò láti yẹ ìdájọ́ rẹfirí wò, nínú American football (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù, tí wọ́n sì ń gbé sá) àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ní "àtúndájọ́", kí a sì máa kọ "ìdájọ́ fìdí múlẹ̀" nígbà tí wọn kò bá yí i padà. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ ohun tí òfin eré náà kò sọ, àwọn tó ń tẹ̀ lé eré yìí nílé wa sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí irú Olusegun Oluwatimi ti gba Outland Trophy, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù ìlà iwájú tó dára jù lọ, ní yunifásítì Michigan lọ́dún 2022.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Òṣìṣẹ́ kan wà nínú yàrá lókè pápá, tẹlifíṣọ̀n ló dojú kọ. Bí ìdájọ́ kan bá kọ ọ́ lóminú, yóò fi ẹ̀rọ ta àwọn rẹfirí lólobó kí ìran tó kàn, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù fún ìran mìíràn, ó ti bọ́ nìyẹn. Kì í ṣe èrò tirẹ̀ ni wọ́n ní kó wá sọ. Ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn sí ló ń wá, èyí tó lè wó ìdájọ́ orí pápá lulẹ̀. Bí kò bá rí i, ohun tí rẹfirí sọ ló kù.

Ẹ wo ẹni tó gba bọ́ọ̀lù létí ìlà. Ní yunifásítì, kí ẹsẹ̀ kan kanlẹ̀ nínú pápá ti tó. Méjì ni wọ́n ń bèèrè ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbowó gbá a. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ rọra kan koríko, ṣùgbọ́n ara ẹni tó ń ṣọ́ ọ dí kámẹ́rà kan, èkejì sì jìnnà jù. Bí rẹfirí bá ti sọ pé ó gbà á, ó gbà á nìyẹn. Bí ó bá ti sọ pé kò gbà á, kò gbà á náà nìyẹn. Àwòrán kan náà ló fàyè gba ìdájọ́ méjì tó tako ara wọn! Ẹni tó ń tún ẹjọ́ dá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "àwòtúnwò": a wò ó, a tún un wò. Ẹnu wa ti mọ "àsọtúnsọ", ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣàjèjì.

Ẹni tó ní ká kúkú máa pè é ní VAR bíi ti bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wọn kò rí bákan náà. Nínú VAR, rẹfirí lè sáré lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pinnu. Níbí, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nídìí àwòtúnwò ni àṣẹ ìkẹyìn wà.

Ó ku èsì rẹ̀. Títí di 2024, ohun mẹ́ta ni rẹfirí lè kéde: pé fídíò jẹ́rìí sí ìdájọ́ náà, pé ìdájọ́ náà dúró nítorí ẹ̀rí kò tó, tàbí pé wọ́n yí i padà. Ní 2025, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì náà, pa méjì àkọ́kọ́ pọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "upheld". "Ìdájọ́ dúró" ló yẹ ká fi túmọ̀ rẹ̀. "Fìdí múlẹ̀" ń búra pé ìdájọ́ náà tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìdájọ́ lè dúró kó má tọ̀nà rárá.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 2006, yunifásítì Oregon ta bọ́ọ̀lù kúkúrú kan sí ti Oklahoma, wọ́n fẹ́ fúnra wọn gbà á padà. Ọmọ Oregon kan fara kàn án kó tó rin yáàdì 10, òfin sì kọ ìyẹn. Wọ́n wo fídíò, ìdájọ́ tó fún Oregon ní bọ́ọ̀lù dúró, Oregon borí pẹ̀lú 34 sí 33. Pac-10, àjọ tí Oregon wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, ló padà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni, ó sì ní kí àwọn rẹfirí náà lọ jókòó sílé fún eré kan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 2015, àwọn ọmọ yunifásítì Miami ju bọ́ọ̀lù sí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kí wọ́n tó gba touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá fún àmì ayò) tí wọ́n fi borí yunifásítì Duke, 30 sí 27. Orúnkún ẹnìkan ti kanlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó yẹ kó ti parí ìran náà. Wọ́n wo fídíò pẹ́ títí, touchdown kò yẹ̀. Ta ló máa kọ ọ́ pé ìyẹn "fìdí múlẹ̀"?

Nípa "yí padà" àti "wọ́gi lé", mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀. Bí àwòtúnwò bá fi hàn pé orúnkún kanlẹ̀ ní ìlà yáàdì 23 kí ẹni náà tó dé òpin pápá, touchdown lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí: wọ́n gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù padà sí 23, kí wọ́n sọ ìgbìyànjú ẹlẹ́ẹ̀kelòó ló kàn, kí wọ́n sì tún aago tò. Ìdájọ́ mìíràn ti rọ́pò ti àkọ́kọ́. "Yí padà" nìyẹn.

"Wọ́gi lé" bá targeting, ẹ̀ṣẹ̀ ìkọlù tó léwu, mu. Wọ́n ti dábàá "ìfojúsùn" fún un, kò sì dára, nítorí òfin kò wádìí ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Kí ènìyàn fi àtàrí akoto rẹ̀ kọlu ẹlòmíràn, tàbí kó kọlu orí tàbí ọrùn ẹni tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. "Ìkọlù orí" ni èmi dábàá, ó gba méjèèjì: fífi orí kọlu èèyàn, àti kíkọlu orí èèyàn. Ìjìyà rẹ̀ ni yáàdì 15 àti lílé kúrò nínú eré. Láti 2019, bí fídíò kò bá jẹ́rìí sí gbogbo ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, lílé náà kò lè dúró nítorí pé rẹfirí sọ bẹ́ẹ̀ lórí pápá. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọ́gi lé e, yáàdì 15 náà yóò sì bá a lọ àyàfi tí ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn bá wà níbẹ̀. Bí fídíò bá sì jẹ́rìí sí i délẹ̀délẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo ti lè gbà kí a kọ "fìdí múlẹ̀".