Irú kíláàsì ìmúrasílẹ̀ wo ló yẹ kí n yàn fún ìdánwò MCAT?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi, mo kí yín o. Mo ń múra sílẹ̀ fún MCAT, ìdánwò tí AAMC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ń ṣètò fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà níbẹ̀ tàbí ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Kánádà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni kíláàsì ìmúrasílẹ̀ tí n óò yàn. Àwọn kan ní olùkọ́ tó ń kọ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní wákàtí tí wọ́n ti dá sọ́nà. Àwọn mìíràn ń ta fídíò àti ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ dá kàwé. Àwọn mìíràn sì ń fún ni ní olùkọ́ àdáni. Gbogbo wọn ló gbówó lórí, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni máàkì gíga wà.

Mo ti ka báyọ́lọ́jì àti kẹ́místírì dé ìwọ̀n tó yẹ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan físíìsì gbẹ̀yìn, n kò sì kọ́ sáíkọ́lọ́jì rí. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe lójú mọmọ, nítorí náà alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ní fún ìwé. Kí ni ó yẹ kí n wò kí n tó yan kíláàsì? Ǹjẹ́ ó tilẹ̀ pọn dandan kí n sanwó kíláàsì rárá, àbí ẹni tó bá ní ìwé àti ìbéèrè ìdánrawò lọ́wọ́ lè dá a ṣe?

Olùkọ́ Àdáni dáhùn:

Ẹ kú ìgbìyànjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò yìí ni mò ń kọ́, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí ni pé kí ó má tíì yan kíláàsì kankan títí yóò fi mọ ibi tí òun ti ń pàdánù máàkì. Ìrànlọ́wọ́ tí ẹni tí kò mọ físíìsì nílò yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí àkókò kì í tó fún un, bẹ́ẹ̀ kíláàsì kan náà ni wọ́n máa ń tà fún àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe to ìdánwò náà. Apá mẹ́rin ni ó ní, ìbéèrè 230 lápapọ̀, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n sì fún ni láti dáhùn wọn, láìka àkókò ìsinmi. Mẹ́ta nínú àwọn apá náà jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì: ọ̀kan fún kẹ́místírì àti físíìsì, ọ̀kan fún báyọ́lọ́jì àti bàyókẹ́místírì, ọ̀kan fún sáíkọ́lọ́jì àti sosiọ́lọ́jì. Ìbéèrè 59 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú 95. Nínú 59 yìí, 44 rọ̀ mọ́ àyọkà, 15 péré ló dá dúró. Apá kẹrin, tí wọ́n ń pè ní CARS, jẹ́ kíka àyọkà àti títú u palẹ̀ nìkan: àyọkà 9, ìbéèrè 53, ìṣẹ́jú 90. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú máàkì ìdánwò yìí wà lọ́wọ́ ẹni tó lè ka ohun tí kò rí rí, kí ó so ó mọ́ ohun tó ti mọ̀, kí ó sì dáhùn kí aago tó lù.

N óò fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Bí mo bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí ni adènà tó ń bá èròjà du àyè lára énsáìmù (prótéènì tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá nínú ara) máa ń ṣe, kíá ni yóò dá mi lóhùn pé Km (ìwọ̀n èròjà tó ń mú énsáìmù dé ìdajì eré rẹ̀ tó ga jù) yóò ga sí i, Vmax (eré rẹ̀ tó ga jù) kò sì ní yí padà. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àyọkà kan síwájú rẹ̀, tí wọ́n ti ń ṣàlàyé oògùn tuntun kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tí àwòrán ìlà méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún énsáìmù nìkan, èkejì fún énsáìmù pẹ̀lú oògùn, tí ìlà méjèèjì sì pàdé lórí òpó tó dúró lóòró nínú àwòrán Lineweaver-Burk (èyí tí wọ́n fi ń fi eré énsáìmù hàn bí ìlà gbọọrọ), ẹnu ẹni kan náà lè wọhò. Ohun tó mọ̀ lórí kò tíì di ohun tó lè rí nínú àwòrán. Bí kíláàsì bá fi gbogbo wákàtí rẹ̀ sọ àsọyé lórí Km àti Vmax, tí kò sì mú akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti irú àwòrán yìí léraléra, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní lọ́wọ́ ni ó ń tà fún un.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ṣe odidi ìdánwò ìdánrawò kan lójókòó kan, pẹ̀lú aago. Lẹ́yìn náà, ẹ pín ohun tí ẹ kùnà sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ìbéèrè tó dá dúró ni ẹ ń kùnà, ìmọ̀ ni kò tíì tó, àsọyé àti ìwé yóò wúlò fún yín. Bí ẹ bá gba ìyẹn ṣùgbọ́n tí ẹ ń kùnà nínú àyọkà, ìdánrawò lábẹ́ olùkọ́ tó lè bá yín tú èrò yín palẹ̀ ni ẹ nílò. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn àyọkà ìparí ni ẹ kò rí àyè dé, ọ̀rọ̀ àkókò ni, kò sì sí fídíò tó lè yanjú ìyẹn. Máàkì ìdánwò náà bẹ̀rẹ̀ láti 472, ó parí sí 528, àárín rẹ̀ sì jẹ́ 500. Ẹ má jẹ́ kí èsì àkọ́kọ́ já yín láyà, bó ti wù kó kéré tó, nítorí ibi tí àléébù wà nìkan ni à ń wá.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó máa bi àwọn tó ń ta kíláàsì léèrè. Wákàtí mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dáhùn ìbéèrè, mélòó ni ó fi ń gbọ́rọ̀? Ta gan-an ni yóò kọ́ mi, ṣé mo sì lè jókòó sí kíláàsì rẹ̀ kan kí n tó sanwó? Ṣé àlàyé wà fún ìdí tí àwọn ìdáhùn yòókù kò fi tọ̀nà, àbí èyí tó tọ̀nà nìkan ni wọ́n ń ṣàlàyé? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju iye wákàtí lọ.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Olùkọ́ sọ, àfi kí n fi kún un pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tún ní apá mìíràn. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ń múra, mo sì ń tọ́mọ. Kíláàsì olójú-ẹsẹ̀ ni mo yàn, kì í sì í ṣe nítorí pé olùkọ́ ibẹ̀ mọ ohun tí kò sí nínú ìwé, bí kò ṣe nítorí pé bí agogo kíláàsì bá ti lù, gbogbo ará ilé mọ̀ pé mo ti wọlé ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa pè mí. Ẹni tó bá lè dá àkókò tirẹ̀ sọ́nà, tí kò sì ní yẹ̀ ẹ́, kò nílò láti sanwó fún ìyẹn.

Àbúrò mi, ní ti sáíkọ́lọ́jì tí o kò kọ́ rí, má torí rẹ̀ ra odidi kíláàsì. Ọ̀rọ̀ àti orúkọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan, àti AAMC ti jọ ṣètò fídíò ọ̀fẹ́ tó kárí apá yẹn dáadáa, Anki sì wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ máa fi káàdì rán ara rẹ̀ létí ohun tó ti kà. Díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́ ni kí o máa ṣe é. Físíìsì ni kí o náwó lé bí ó bá di dandan, olùkọ́ àdáni fún ìgbà díẹ̀ sì lè tó fún un.

Òǹkàwé Òru dáhùn:

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a ṣọ́ra fún nínú ìmọ̀ràn Olùkọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ìdánwò ìdánrawò ti AAMC fúnra wọn ṣe àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò gan-an ló kọ ìbéèrè wọ̀nyẹn, wọn kò pọ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó jọ ọjọ́ ìdánwò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń fúnni ní ìdánwò ìdánrawò kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi tiwọn wá àléébù yín, kí ẹ sì pa ti AAMC mọ́ di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kẹ́yìn.

Ohun tí mo fi ń wo kíláàsì CARS tẹ̀lé èyí. Kò sí ìmọ̀ kankan láti òde tí wọ́n ń béèrè ní apá yẹn. Ohun gbogbo wà nínú àyọkà. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni pé yóò yan ìdáhùn tó jẹ́ òótọ́ nínú ayé ṣùgbọ́n tí òǹkọ̀wé kò sọ. Bí àyọkà tí ilé-iṣẹ́ kan kọ bá ń gba ìdáhùn tí ẹ kò lè fi ìka tọ́ka sí ìlà tó ti wá, ẹ̀kọ́ òdì ni yóò kọ́ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlérí pé wọn yóò dá owó padà bí máàkì kò bá gòkè. Ẹ ka àdéhùn náà tán pátápátá. Lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí ẹ ti jókòó sí gbogbo kíláàsì, kí ẹ ti ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá àti gbogbo ìdánwò ìdánrawò kí ìlérí náà tó múlẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n ṣèlérí kì í tilẹ̀ ṣe owó, bí kò ṣe pé kí ẹ tún kíláàsì náà ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè pa kíláàsì kan jẹ láìmọ̀ọ́mọ̀, kí ìlérí sì ti bọ́. Ẹ tún wo ọjọ́ tí àṣẹ láti lo ohun èlò wọn yóò parí, bí ẹ bá ní láti sún ìdánwò síwájú ńkọ́?

Bí owó bá sì le, AAMC ní ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀. Ó ń dín owó ìdánwò kù, ó sì ń fúnni ní ohun èlò ìmúrasílẹ̀ wọn láìgba owó. Kí ẹ tó ra nǹkan kan ni kí ẹ ti béèrè fún un, nítorí wọn kì í dá owó ohun tí ẹ ti rà padà.

Ẹ má ṣe lọ jókòó sí ìdánwò gan-an láti fi dán ara yín wò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ààyè wà fún lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ léra, ẹ̀ẹ̀meje sì ni gbogbo rẹ̀ láyé ẹni. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ tí ẹ kò lọ, wọ́n ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun tún kọ̀wé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gidigidi. N óò ṣe ìdánwò ìdánrawò ti ilé-iṣẹ́ kan ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí kí n tó san kọ́bọ̀ kankan. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìbejì, ó jọ pé ọ̀nà olùkọ́ àdáni fún físíìsì ni n óò tọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tí kò mọ físíìsì ṣe fẹ́ mọ olùkọ́ físíìsì tó dára?

Olùkọ́ Àdáni dáhùn:

Ẹ gbé ìbéèrè kan fún un kí ó yanjú rẹ̀ níwájú yín, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀. Wọn kì í gba ẹ̀rọ ìṣirò láàyè nínú MCAT, nítorí náà olùkọ́ tó bá nawọ́ sí ẹ̀rọ ìṣirò kò tíì mọ ìdánwò tó ń kọ́ni fún. Ẹ bi í pé: bí rédíọ́ọ̀sì iṣan ẹ̀jẹ̀ bá dín sí ìdajì, tí ohun gbogbo yòókù kò sì yí padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan? Olùkọ́ kan lè kọ gbogbo òfin Poiseuille, èyí tó ń ṣàlàyé bí nǹkan olómi ṣe ń gba inú ọpọ́n kọjá, sílẹ̀, kí ó máa fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn yóò sọ pé rédíọ́ọ̀sì nìkan ló yí padà, a sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, nítorí náà ìdajì lọ́nà ìdajì lọ́nà ìdajì lọ́nà ìdajì á fún wa ní ìdá kan nínú 16. Lẹ́yìn èyí ni yóò bi yín pé bí rédíọ́ọ̀sì bá di ìlọ́po méjì dípò ìdajì ńkọ́, yóò sì dákẹ́ títí ẹ ó fi dáhùn. Ẹni kejì yìí ni kí ẹ gbà.